Àgbo àti Kòkòrò Inú Ara: Ibi tí Agbára Àgbo Mọ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò wa. A tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ráàyè wá, àti nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ká jẹ́ káwọn ó rí i kà nílé.

   

Ká tó lọ jìnnà, a fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe dókítà ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́fà la kà, ọjà ló kọ́ wa ní ìyókù. Ohun tí a máa sọ yìí, a bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, a bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó kàwé oògùn, ọmọ wa tó wà ní yunifásítì sì bá wa ka èyí tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó dá wa lójú nìkan la kọ sílẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọ̀kan nínú wa, tó ń ta ẹja, ni ibà mú. Orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún, oúnjẹ ò wọlé. Kí làwa ṣe? A ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń ṣe síra wọn. Ẹni yìí gbé àgbo ibà lọ, ẹni yẹn gbo efinrin àti ewúro fún un, ẹlòmíì se dongoyárò. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí náà gbé tiwa lọ. Lọ́jọ́ kan, kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta la kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Tó bá mu ún, á làágùn, ara á fúyẹ́, á ní ó ti ń lọ. Tó bá dalẹ́, ibà á tún padà dé. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ títí a fi wọ ọ̀sẹ̀ kẹta. Àfi lọ́jọ́ kan tí ikùn rẹ̀ le gbandi bíi pátákó, tí kò sì lè dìde mọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsibítù, àwọn dókítà ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni, pé ìfun rẹ̀ ti lu. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ọlọ́run yọ ọ́, ẹ bá wa dúpẹ́. Àmọ́ oṣù mẹ́rin ni ìsọ̀ rẹ̀ fi wà ní títì. Owó àjọ rẹ̀, owó ọjà rẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ dá jọ fún un, gbogbo rẹ̀ bá a lọ.

Nígbà tí a lọ kí i, ó bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo àgbo tí mo mu yẹn, ṣé kò lágbára ni, àbí kò dé ibi tí àìsàn náà wà?" Ẹnu wa wọhò. A ò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn la gbé kiri láti ọjọ́ yẹn, èsì rẹ̀ la sì mú wá sílé lónìí.

Ẹ̀yin tó ń ta ewé àti egbò, ẹ̀yin alágbo wa, a rí i pé ẹ ti ń wojú ara yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. A kò wá ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Àgbo la fi wo àwa náà dàgbà, a sì ń mu ún títí dòní. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tó bá mọ ibi tí agbára ọjà rẹ̀ mọ, òun ni oníbàárà máa ń padà wá bá.

KÒKÒRÒ WO LÀ Ń WÍ?

Kì í ṣe aràn là ń wí, kì í sì í ṣe kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà. Èyí kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Bakitéríà làwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i, aláṣọ ni bíi tàwọn kan nínú wa. Ará ìlú Delft ní ilẹ̀ Holland ni, Antonie van Leeuwenhoek lorúkọ rẹ̀. Àwọn aláṣọ ìgbà náà máa ń fi gíláàsì wo fọ́nrán òwú kí wọ́n lè mọ̀ bóyá aṣọ dáa. Ọkùnrin yìí wá ṣe gíláàsì tirẹ̀ tó lágbára púpọ̀. Ní ọdún 1683, ó kọ̀wé pé òun ha ìdọ̀tí funfun tó wà láàárín eyín òun, òun fi gíláàsì òun wò ó, òun sì rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rìn káàkiri.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn wá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún ha eyín iwájú rẹ̀ wò, kò rí èyí tó wà láàyè níbẹ̀ mọ́. Ó rò ó títí, ó rántí pé kọfí gbígbóná lòun ń mu. Ó wá ha eyín ẹ̀yìn, níbi tí gbígbóná kọfí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Wọ́n kún ibẹ̀ bámúbámú, gbogbo wọn ló wà láàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú: nǹkan tí a mu ṣiṣẹ́ lára kòkòrò tó kàn. Èyí tí kò kàn, kò rí i ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

KÌ Í ṢE GBOGBO KÒKÒRÒ LÓ BURÚ

Àwọn bàbá wa ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lára ẹ̀fọ́ tí wọn kì í jẹ ẹ́, àwọn ló ń ṣọ́ ọ. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2016 fojú bù ú pé kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ara ọkùnrin kan ṣoṣo tó bíi tírílíọ̀nù 38, inú ìfun ńlá sì lèyí tó pọ̀ jù wà. Wọ́n ń bá wa jẹ ìyókù oúnjẹ tí ikùn ò lè lọ̀, wọ́n ń ṣe àwọn fítámì kan fún wa, wọ́n sì gba àyè tó yẹ kí èyí tó burú jókòó sí. Ó dà bí ìsọ̀ ọjà. Ìsọ̀ tí ẹnì kan bá ti tẹ́ ọjà sí, jàgídíjàgan ò lè ráàyè jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin onírú, ẹ̀yin ológì, ẹ̀yin lẹ mọ èyí dáadáa, bẹ́ ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kí ló ń sọ irúgbá di irú? Kòkòrò àìfojúrí ni, Bacillus lorúkọ rẹ̀. Kí ló ń mú ògì kan? Kòkòrò ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus àti àwọn ìbátan rẹ̀. Kíkan tí wọ́n mú ògì kan yẹn kì í jẹ́ kí púpọ̀ nínú àwọn tó ń fa àrunṣu ráàyè. Ìdí nìyẹn tí omíkan fi máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Àwọn ìyá wa tó ń fi omíkan rẹ egbò, wọn ò ka ìwé kankan, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àgbo òun ń pa gbogbo kòkòrò inú ara, ẹ ní kó má pa gbogbo rẹ̀ o. Tó bá pa gbogbo rẹ̀, àìsàn ló fún yín yẹn.

BÍ EWÉ ṢE Ń BÁ KÒKÒRÒ JÀ

Ewé ní agbára. Kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lẹ́nu wa. Ọ̀nà mẹ́ta la rí.

Èkíní ni òróró olóòórùn. Efinrin, ewé tíì tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba, aáyù, ata ilẹ̀, òórùn wọn yẹn gan-an ni ohun ìjà wọn. Ní ọdún 1969, Abayọ̀mí Ṣófowórà, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí jáde lórí efinrin bí a ṣe ń lò ó nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ wa. Ohun kan wà nínú òróró efinrin tó ń jẹ́ thymol. Ó máa ń dá ihò sí ara kòkòrò, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì dà síta. Wọ́n ń fi thymol kan náà yìí sínú àwọn omi tí òyìnbó fi ń yọ́ ẹnu.

Ìkejì ni ohun tó ń fún ẹnu pọ̀. Ẹ jẹ ewé gúáfà lẹ́nu wò, ẹ mu tíì tí kò ní mílíìkì, ẹ máa rí i tí ahọ́n á sú gbẹrẹgbẹrẹ. Ohun tó fún ahọ́n pọ̀ yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò náà, á sì mú nǹkan le fún un. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ẹni tó ń ṣu gbuuru ní omi ewé gúáfà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ káàkiri ayé.

Ìkẹta ni kíkan. Zobo tí a fi ìṣápá pupa sè kan dáadáa, omíkan kan dáadáa. Ọ̀pọ̀ kòkòrò burúkú ò fẹ́ràn ibi tó kan.

ÀWO Ò DÀ BÍ IKÙN

Bó bá wá rí báyìí, kí ló dé tí àgbo ò fi wo arábìnrin wa?

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń dán ewé wò. Wọ́n á sin kòkòrò sínú àwo pẹlẹbẹ kan. Wọ́n á fa oje ewé, ọ̀pọ̀ ìgbà ọtí líle ni wọ́n fi ń fà á, kì í ṣe omi. Wọ́n á kán an sínú àwo náà. Ibi tí oje náà bá kàn, kòkòrò á kú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwo ni. Kòkòrò ò rí ibi sá sí, oje náà sì nípọn.

Ara ẹ̀dá ò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá da ìdérí ìgò Izal kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ilé á gbóòórùn, ilẹ̀ á mọ́. Ẹ da ìdérí kan náà yẹn sínú kànga, ta ló máa mọ̀? Ife àgbo kan tó wọ inú ara, á pàdé itọ́, á pàdé omi ikùn, á pàdé oúnjẹ, ìfun tó gùn ju ènìyàn fúnra rẹ̀ lọ ló sì máa gbà kọjá. Púpọ̀ nínú agbára ewé náà, ara kì í gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá sì wọlé, ẹ̀dọ̀ á tú u palẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé omi àti òróró kì í pọ̀. Bẹ́ ẹ bá ń se efinrin láìdé ìkòkò, òórùn tó gba gbogbo àdúgbò yẹn, oògùn ló ń lọ yẹn.

Ẹ wá wo ibà jẹ̀funjẹ̀fun. A máa ń gbé kòkòrò rẹ̀ mì nínú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn. Kì í dúró nínú ìfun. Ó máa ń gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, á dé inú ẹ̀dọ̀, á dé inú mùdùnmúdùn eegun, àní á tún fara pamọ́ sínú àwọn sójà ara tó yẹ kó pa á. Nígbà tó bá wá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ara ìfun tó ti jẹ lè lu. Àwọn tó sọ ọ́ ní jẹ̀funjẹ̀fun ò purọ́ mọ́ ọn.

Arábìnrin wa, èsì ìbéèrè rẹ nìyí, bó o bá ń gbọ́ wa: àgbo náà ò dé ibẹ̀. Ọ̀nà ìfun ló gbà, kòkòrò sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Làágùn tó o làágùn kì í ṣe pé kòkòrò ń kú. Ibà máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀ fúnra rẹ̀. Omi gbígbóná tó o mu tù ọ́ nínú. Àwa la wá rò pé ìtura ni ìwòsàn. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tìrẹ.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí ewé náà ni wọ́n fi ń ṣe oògùn òyìnbó?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní àtẹmísínì. Ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti yọ ọ́. Obìnrin kan, Tu Youyou, ló ṣáájú iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Kòkòrò ibà ẹ̀fọn kì í ṣe bakitéríà, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni. Nígbà tí wọ́n fi iná líle yọ oògùn ewé náà, kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tí obìnrin yìí yọ ọ́ láìjẹ́ kó gbóná púpọ̀ ló tó jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kìlọ̀ ní ọdún 2019 pé kí a má fi tíì ewé náà wo ibà, nítorí ìwọ̀n oògùn inú rẹ̀ kì í dọ́gba, ó sì máa ń kéré jù láti pa kòkòrò náà tán. Ewé ní oògùn nínú lóòótọ́. Ìwọ̀n ló kù.

IBI TÍ ÀGBO TI Ń ṢIṢẸ́

Ẹ má bọkàn jẹ́ o, ẹ̀yin alágbo. Ó níbi tó ti wúlò.

Ẹnu àti ọ̀fun ni àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni omi ewé ti ń kan kòkòrò lójúkojú, bíi kọfí aláṣọ ìjọ́sí. Bẹ́ ẹ bá fi omi efinrin tàbí omi ata ilẹ̀ yọ́ ẹnu, ó ní ìtumọ̀. Pákò tí à ń jẹ láràárọ̀ náà, ọ̀nà kan náà ni.

Ìkejì ni inú ìfun. Ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ nínú tíì àti ewé gúáfà kì í gbà sára kánkán. Èyí tó pọ̀ jù máa ń dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò rere ibẹ̀ á sì jẹ ẹ́, wọ́n á tú u sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè lò ó. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín. Asunwọ̀n òyìnbó àti àwọn tíì ìfọnú tí wọ́n ń tà nínú páálí, a rò pé wọ́n ń kó kòkòrò jáde. Oògùn inú ewé wọn yẹn ò lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò ìfun ńlá ló ń tú u tó fi ń di ohun tó ń mú ìgbẹ́ wá! Kòkòrò tí à ń lé, òun ló ń bá wa ti ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tó bá sì ń fọnú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, omi ara rẹ̀ ló ń dà nù.

Ìkẹta ni omi fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, gbogbo wa obìnrin la wà níbí. Àìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dáa lọ́jà, a kì í fẹ́ mu omi. Láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ó máa dá ìtọ̀ dúró. Tó bá wá ń ta wá, tó ń ro wá nísàlẹ̀ ikùn, a ó lọ ra àgbo tọ́lẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kṣọ̀n. Ní ọdún 2018, àwọn oníwádìí gbé àbájáde kan jáde lórí obìnrin 140 tí àìsàn ìtọ̀ máa ń ṣe lemọ́lemọ́, tí wọn kì í sì í mu omi tó. Wọ́n ní kí ìdajì wọn máa fi omi lítà kan àbọ̀ kún èyí tí wọ́n ń mu lójúmọ́. Láàárín ọdún kan, àwọn tí kò fi kún un ṣàìsàn náà tó ìgbà mẹ́ta ó lé díẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fi kún un, kò tó ìgbà méjì. Omi lásán ni o! Kò sí ewé kankan nínú rẹ̀. Ó ń fọ kòkòrò jáde kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tí ẹ bá ní àgbo ìtọ̀ ṣiṣẹ́ fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi inú rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Àmọ́ tí ibà bá bá a wá, tí ẹ̀yìn ń ro yín lápá kíndìnrín, ẹ má dúró mu nǹkan kan, ọsibítù ni.

Ẹ sì jọ̀ọ́, omi ewé tí àwọn kan fi ń fọ inú ojú ara obìnrin, ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀. Àwọn ìbátan kòkòrò ògì ló ń ṣọ́ ibẹ̀, wọ́n ń mú un kan díẹ̀ kí èyí tó burú má bàa wọlé. Ẹni tó bá fi ewé fọ wọ́n dànù, ó lé ọlọ́dẹ rẹ̀ lọ fún olè.

ÀGBO TÓ Ń GBÉ KÒKÒRÒ WỌLÉ

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn wá jù nìyí. Àgbo tó yẹ kó pa kòkòrò lè di ọkọ̀ tó ń gbé e wá. Ewé tí a ò fọ̀, omi kànga tí a ò sè, kẹ́ẹ̀gì tí a ò ṣan, ife kan ṣoṣo tí ènìyàn ogún fi ń mu. Tí a bá se àgbo tán tí a wá bu omi tútù lé e kó lè pọ̀, a ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn. Zobo náà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ohun mímu òfíò kan tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fura sí. Òfíò ò ṣe nǹkan kan. Omi àti ọwọ́ tó ṣe é ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àwọn ìyá wa ní ọgbọ́n kan tí a ti pa tì. Wọ́n máa ń gbé ìkòkò àgbo kaná láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Wọn ò mọ̀ pé bakitéríà ń pọ̀ sí i lóru nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àmọ́ iná wọn ń pa á. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ FẸ́ KÁ MÁA ṢE

1. Ẹ fọ ewé àti egbò dáadáa. Ẹ jẹ́ kí omi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ má bu omi tútù lé e tẹ́ ẹ bá sè é tán.

2. Alágbo, kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ife tirẹ̀. Èyí tó bá kù di ọjọ́ kejì, ẹ tún un sè. Tí òórùn rẹ̀ bá yí padà, ẹ dà á nù. Àdánù ife mẹ́wàá sàn ju àdánù oníbàárà kan lọ.

3. Ẹ má da kápúsù apakòkòrò sínú àgbo, ẹ má sì fi àgbo gbé e mì. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń lo tẹtirasáíkílì méjì tí inú bá ti ń run wọ́n. Oògùn yẹn ń pa àwọn kòkòrò rere pẹ̀lú. Èyí tó bá kù láàyè nínú àwọn burúkú á dì í mọ̀, lọ́jọ́ mìíràn kò ní gbọ́ oògùn mọ́. Tí dókítà bá kọ oògùn fún yín, ẹ lò ó bó ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ẹ ń mu àgbo. Ẹ má fi àgbo pamọ́ fún un, pàápàá ẹ̀yin tó lóyún.

4. Ẹni tó bá ń ṣu gbuuru, omi ara rẹ̀ ló ń tán lọ, ìyẹn ló sì ń pani kíákíá. Ẹ ra oníyọ̀ inú páálí tí wọ́n ń pè ní ORS, ẹ pò ó mọ́ omi mímọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀. Tí kò bá sí, omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí orí rẹ̀ tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbo gúáfà lè tẹ̀ lé e fún àgbàlagbà, kò lè rọ́pò rẹ̀.

5. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan. Omi ọmú gan-an ló ń bọ́ àwọn kòkòrò rere tó yẹ kó gbilẹ̀ nínú ìfun ọmọ. Ẹ má rọ àgbo fún un.

6. Tíì ewé tó wà nínú páálí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kẹ́ ẹ sì tún wo ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lára púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń sọ ni pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

7. Ibà tó bá lé ní ọjọ́ méjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ti ọmọdé, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ikùn bá le, tí aláìsàn ń sọ̀sọkúsọ, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni.

Ẹ̀yin alágbo, èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ọwọ́ yín ló wà. Ẹ̀yin laláìsàn máa ń kọ́kọ́ bá kó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Tí oníbàárà bá padà wá ra àgbo ibà lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún un pé, "Àbúrò mi, ó tó gẹ́ẹ́, lọ ṣàyẹ̀wò." Ẹ máa pàdánù owó ife kan. Ẹ máa gba ẹ̀mí kan là.

Ohun méjì la fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣooṣù wa, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá ní owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ lè rí i yá lọ́jọ́ náà. Arábìnrin wa jẹ́wọ́ fún wa pé owó lòun ń rò lóun fi ń mu àgbo. Èkejì, kí a tún lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ọjà wa. A ò lè máa sọ pé kí obìnrin mu omi, kó má sì ríbi tọ̀ ọ́ sí.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ìgbà tí àìsàn bá ṣì jẹ́ àìsàn ni ká yáa tètè wò ó. Ẹlẹ́ja wa ti padà sídìí àtẹ o, lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dúná dúrà púpọ̀.

 Ọjà á tà, ara á le, a ò ní fi owó òwò wa tọ́jú àìsàn. Àṣẹ.